Ọjọ́ tí mọ́tò mẹ́jọ wọ Mackinac

Ọjọ́ Sátidé ló bọ́ sí, 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 2019. Mike Pence tó jẹ́ igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà yẹn fẹ́ lọ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Republican ti ìpínlẹ̀ Michigan sọ̀rọ̀, torí ọdún méjì méjì ni wọ́n máa ń ṣe ìpàdé ńlá kan ní Grand Hotel, lórí erékùṣù Mackinac (Mákinọ̀ ni kẹ́ ẹ pè é o, c tó gbẹ̀yìn yẹn kì í dún). Wọ́n ti fi ọkọ̀ ojú omi kó mọ́tò débẹ̀ dè é. Láti pápákọ̀ òfurufú kékeré tó wà lórí erékùṣù yẹn, wọ́n gbé e sínú mọ́tò, mọ́tò mẹ́jọ tò tẹ̀lé ara wọn, ó di ọtẹ́ẹ̀lì. Ìrìn náà ò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ó sọ̀rọ̀ tán, ó padà síbi tó ti wá.

Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ń gbé Èkó tàbí Àbújá máa ní, ẹ̀n ẹ́n, kí ló wá ṣẹlẹ̀? Mọ́tò mẹ́jọ péré? Gómìnà tiwa tó ń lọ sí ìsìnkú lásán, ṣé mẹ́jọ ló máa kó ni? Kí sìrén tó dé ọ̀dọ̀ yín ẹ ti máa já sínú gọ́tà. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Láti ọdún 1898 ni mọ́tò ti jẹ́ èèwọ̀ lórí erékùṣù yẹn, èèwọ̀ tí mo sọ yìí kì í ṣe àsọdùn, òfin ni. Ọdún 121 sì ni wọ́n fi pa á mọ́ títí dọjọ́ Sátidé yẹn, kò sí ọkùnrin kan tàbí obìnrin kan tí wọ́n tíì fi kọ́ńfọ́ì mọ́tò gbé gba títì ibẹ̀ rí, títí kan ààrẹ fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yẹn fi di ariwo káàkiri Amẹ́ríkà. Mò ń gbé Michigan, mo sì ti lọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà dùn mí dọ́kàn, mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ dáadáa torí ọ̀pọ̀ èèyàn sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ òṣèlú lásán, wọ́n ò sì wo àwọn èèyàn tó ń gbé níbẹ̀ rárá.

Adágún Huron ni erékùṣù náà wà, ní ibi tí omi ti la ìpínlẹ̀ Michigan sí méjì, apá òkè àti apá ìsàlẹ̀. Kò tóbi. Títì tó yí i po kò ju máìlì mẹ́jọ àti díẹ̀ lọ, ẹ lè fi kẹ̀kẹ́ yí i ká láàárín wákàtí kan ààbọ̀ tẹ́ ẹ bá ń dúró wo omi. Títì yẹn náà ní nọ́ńbà ìjọba o, M-185, òun nìkan sì ni títì ìjọba ìpínlẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà tí mọ́tò ò gbọ́dọ̀ gbà. Àwọn Anishinaabe tó ni ilẹ̀ yẹn kí òyìnbó tó dé ló sọ ọ́ lórúkọ, ìjàpá ńlá ni ìtumọ̀ rẹ̀, torí bó ṣe rí lókèèrè lójú omi, ẹ̀yìn rẹ̀ ga gọngọ bíi ti ìjàpá. Ilẹ̀ mímọ́ ni lọ́wọ́ wọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá kọ́ odi ológun síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1780, àwọn oníṣòwò awọ ẹran dé, lẹ́yìn náà àwọn olówó tó ń wá afẹ́fẹ́ tútù nígbà ooru, Grand Hotel ṣí ní 1887. Ní 1895 ni ibẹ̀ di páàkì ìjọba ìpínlẹ̀, ohun tó lé ní ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ilẹ̀ náà ló sì jẹ́ páàkì títí dòní.

Ibi tó ṣe pàtàkì sí mi nínú ìtàn yẹn ni bí òfin mọ́tò ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan máa ń rò pé àwọn olówó ló ṣòfin yẹn kí ibi ìgbafẹ́ wọn lè parọ́rọ́. Rárá o. Àwọn tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹṣin ló lọ bá káńsù. Àwọn ló ń gbé àlejò káàkiri, iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn nìyẹn, nígbà tí mọ́tò àkọ́kọ́ wá dé pẹ̀lú ariwo àti èéfín, ẹṣin ń bẹ̀rù, ẹṣin tó bá sì bẹ̀rù pẹ̀lú èèyàn nínú kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó máa já sí. Wọ́n kó ẹjọ́ lọ sílé káńsù, káńsù gbọ́ wọn, ní ọjọ́ kẹfà oṣù keje ọdún 1898 wọ́n ní kẹ̀kẹ́ tí kò lẹ́ṣin (orúkọ tí wọ́n ń pe mọ́tò nìyẹn láyé ìgbà náà) kò gbọ́dọ̀ rìn láàárín ìlú mọ́. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn tó ń bójú tó páàkì ní àwọn náà gbà bẹ́ẹ̀, bí gbogbo erékùṣù ṣe wọ abẹ́ òfin nìyẹn. Nítorí náà òfin oníṣẹ́ ọwọ́ ni o, àwọn tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹṣin ló bí i. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sọ́kàn.

Báwo wá ni èèyàn ṣe ń gbé láìsí mọ́tò? Àwọn tó ń gbé níbẹ̀ tọdún tọdún ò ju nǹkan bíi 500 lọ. Tí ooru bá dé, àlejò á máa ya wọ ibẹ̀ láràárọ̀ láti inú fẹ́rì, ẹṣin náà á sì pọ̀ tó 500 sí 600, kí ẹṣin ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju ọmọ ìlú lọ. Gbogbo nǹkan tí èèyàn ń lò, láti orí ìrẹsì dé orí bẹ́ẹ̀dì dé símẹ́ńtì, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e dé èbúté, láti ibẹ̀ ó di orí kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ẹṣin méjì ńláńlá ń fà. Dray ni wọ́n ń pe kẹ̀kẹ́ ẹrù yẹn. Pákẹ́ẹ̀jì tẹ́ ẹ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹṣin ló máa gbé e wá bá yín. Bíà àwọn ilé ọtí, ẹṣin. Ìdọ̀tí ilé, ẹṣin ló ń kó o lọ. Tàkísì wà o, ẹ lè fóònù pè é kó wá gbé yín nílé, ṣùgbọ́n ẹṣin ló ń fà á, tí òjò bá ń rọ̀ ẹ máa dúró díẹ̀.

Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde nìkan ni mo ti ń rí ẹṣin tẹ́lẹ̀, ẹṣin tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ tó ń jó, tí ẹni tó gùn ún wọ aṣọ olówó iyebíye. Àfi bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú fẹ́rì ní Mackinac tí mo rí ẹṣin tó fa páálí tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹpẹtẹ, tó dúró jẹ́ẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù, tó ń dúró kí wọ́n já ẹrù tán. Mo dúró wò ó títí. Ẹṣin yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tó ń wà á kì í pariwo mọ́ ọn, ó kàn ń fọhùn pẹ̀lẹ́ ni, ó sì ń lọ. Àwọn ọ̀dọ́ kan wà tí wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ gbé ẹrù àwọn àlejò láti èbúté lọ sí ọtẹ́ẹ̀lì, wọ́n á to àpótí lé ara wọn nínú apẹ̀rẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́ títí tí ẹ ò fi ní rí ojú ẹni tó ń wà á mọ́, wọ́n á sì máa fi ọwọ́ kan darí rẹ̀ láàárín èrò. Òórùn méjì ló máa kí yín káàbọ̀ ní títì àárín ìlú, òórùn ṣúgà àti bọ́tà tí wọ́n ń sè fún fudge, ìyẹn súìtì tí wọ́n mọ ibẹ̀ sí, wọ́n tiẹ̀ ń fi ṣe orúkọ pe àwa àlejò, àti òórùn ìgbẹ́ ẹṣin. Èmi ò ní purọ́ fún yín, ìgbẹ́ pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbá a wà lẹ́nu iṣẹ́ láti àárọ̀, wọ́n ń fi ṣọ́bìrì kó o, wọ́n sì ń sọ ọ́ di ajílẹ̀. Ẹ wo iye ọwọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tó ń gbá, ẹni tó ń kan bàtà irin fún ẹṣin, ẹni tó ń fún un lóúnjẹ, oníṣègùn ẹranko, ẹni tó ń tún okùn awọ ṣe, ẹni tó ń wà á. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà ooru, pàápàá ní ọtẹ́ẹ̀lì, ni wọ́n wá láti Jàmáíkà, èmi àti ọ̀kan nínú wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí oúnjẹ, iṣu ló kọ́kọ́ bi mí.

Ẹ má sì rò pé òfin yẹn le koko débi pé kò lójú àánú. Áńbúláǹsì oní-ẹńjìnnì wà. Ọkọ̀ panápaná wà. Ọlọ́pàá ní mọ́tò tiwọn. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé tó nílò ẹ̀rọ ńlá lè lọ gbàwé àṣẹ. Kẹ̀kẹ́ oníbátìrì, wọn ò gbà á fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ ò jẹ́ kó lè rìn dáadáa lè lo irú kan nínú rẹ̀. Tí yìnyín bá sì bo ilẹ̀, àwọn ọmọ ìlú máa ń gun snowmobile, ẹ̀rọ tó ń sáré lórí yìnyín. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti gọ́ọ̀fù. Grand Hotel ní pápá gọ́ọ̀fù, ìdajì rẹ̀ wà nítòsí ọtẹ́ẹ̀lì, ìdajì kejì wà nínú igbó lókè. Ẹ lè gun mọ́tò gọ́ọ̀fù kékeré inú pápá, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kan títì, torí náà tẹ́ ẹ bá gbá ìdajì àkọ́kọ́ tán, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ ni, kẹ̀kẹ́ ẹṣin ló máa gbé yín lọ síbi ìdajì kejì. Mọ́tò gọ́ọ̀fù o! Ohun tó kéré tó yẹn, wọn ò gbà á lójú títì.

Ìgbà òtútù ló ń fi àwọn ọmọ ìlú hàn. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ti tì, àlejò ti lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹṣin ni wọ́n ti fi fẹ́rì kó padà sí orí ilẹ̀ ńlá kí wọ́n lọ sinmi, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń kù síbẹ̀ fún ẹrù àti ìdọ̀tí. Iléèwé kan ṣoṣo ló wà, láti orí ọmọ kéékèèké dé orí àwọn tó fẹ́ jáde sẹ́kọ́ńdìrì, inú ilé kan náà. Nígbà tí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í dì, fẹ́rì á dúró, ẹni tó bá fẹ́ jáde á wọ ọkọ̀ òfurufú kékeré lọ sí St. Ignace, ìlú kan lórí ilẹ̀ ńlá, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lójú òfurufú. Tí òtútù bá wá mú gan-an, adágún á dì láti etí erékùṣù dé St. Ignace, àwọn tó mọ yìnyín á kọ́kọ́ lọ dán an wò, wọ́n á máa gbẹ́ ihò sínú rẹ̀ kí wọ́n mọ bó ṣe nípọn tó, lẹ́yìn náà wọ́n á kó igi Kérésìmesì tí kálukú ti lò tán, wọ́n á rì wọ́n mọ́ inú yìnyín ní títò títò láti etí omi dé etí omi, kí ẹni tó ń kọjá lóru tàbí nínú ìjì yìnyín lè máa wo igi lọ kó má ṣìnà bọ́ sínú omi. Igi tó wà ní pálọ̀ yín lóṣù kejìlá ló máa fọ̀nà han aládùúgbò yín lóṣù kejì. Kò sí ìjọba tó pàṣẹ ìyẹn. Kì í sì í ṣe ọdọọdún ni yìnyín ń nípọn tó bẹ́ẹ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ Pence. Àwọn tó gbè é lẹ́yìn ní ọ̀rọ̀ ààbò ni. Ayé ti yàtọ̀, wọ́n ní, igbákejì ààrẹ ò lè jókòó sínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin tí kò bò lójú gbogbo èèyàn kí ẹni ibi máa wò ó, àwọn ẹ̀ṣọ́ ló sì ń pinnu, kì í ṣe òun. Mo gbọ́, ọ̀rọ̀ gidi sì ni, ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe pa ààrẹ Kennedy nínú mọ́tò tó ṣí lórí ò ní fi ìyẹn ṣeré. Ṣùgbọ́n ìdáhùn àwọn ará Michigan kò pẹ́ rárá, orúkọ kan ṣoṣo ni: Gerald Ford.

Ford ni ààrẹ Amẹ́ríkà kan ṣoṣo tó tíì wá sí Mackinac nígbà tó wà lórí àlééfà. Truman wá, Kennedy wá, Bush bàbá wá, Clinton wá, ṣùgbọ́n bóyá kí wọ́n tó di ààrẹ tàbí lẹ́yìn tí wọ́n ti kúrò níbẹ̀. Oṣù keje ọdún 1975 ni Ford wá pẹ̀lú gbogbo agbára ààrẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni wọ́n fi gbé òun àti ìyàwó rẹ̀. Ẹ sì rántí pé ọdún 1975 yẹn kò fara rọ fún ààrẹ, ọdún méjìlá péré lẹ́yìn tí wọ́n pa Kennedy ni, ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn gan-an ni obìnrin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dojú ìbọn kọ Ford fúnra rẹ̀ ní California, láàárín ọjọ́ mẹ́tàdínlógún síra wọn. Nítorí náà ẹni tó bá ní ewu ò sí láyé ti Ford, kò mọ ìtàn.

Nǹkan kan wà nípa Ford tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ìgbà tí mo kà á ni gbogbo rẹ̀ wá yé mi. Michigan ló dàgbà sí, Grand Rapids. Ní 1929, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó wà lára àwọn ọmọ Scout mẹ́jọ tí wọ́n mú lọ sí Mackinac nígbà ooru kí wọ́n máa ṣọ́ odi ológun àtijọ́ yẹn, kí wọ́n máa fa àsíá sókè, kí wọ́n máa mú àlejò káàkiri. Ó ti gbé ibẹ̀. Ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun òkè yẹn láàárọ̀, ó mọ orúkọ ọ̀nà, ó mọ pé ní Mackinac ẹṣin ló ń gbé èèyàn. Nígbà tó padà dé ní ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta lẹ́yìn náà, ilé ló padà sí. Pence ti Indiana ní tiẹ̀ àlejò ni, wọ́n gbé e wá, wọ́n gbé e lọ, mo gbà pé kò burú kí àlejò má mọ èèwọ̀ ìlú. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbà á lálejò mọ̀ ọ́n. Àwọn tó kó mọ́tò mẹ́jọ sórí ọkọ̀ ojú omi mọ̀ ọ́n, torí ẹni tó máa ṣètò irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti bèèrè títí. Ibi tó ti dùn mí nìyẹn. Ká ní mọ́tò kan ni wọ́n mú wá, èyí tí ìbọn ò lè wọ̀, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ yòókù gun kẹ̀kẹ́ tàbí ẹṣin, ẹnu mi ò ní ká a. Mẹ́jọ tò tẹ̀lé ara wọn ni mi ò lè gbà, ìyẹn ti kọjá ààbò, ó ti di bí wọ́n ṣe ń rìn níbi gbogbo tí wọ́n ò kàn fẹ́ yí padà fún ìlú kékeré.

Mo bi ara mi pé ta ni ó ṣẹ̀ gan-an. Kì í ṣe òfin, òfin ò ní ara tó lè dùn ún. Mo rò pé àwọn tó ń wa dray ni. Ẹni tó ń jí láàárọ̀ kùtù nínú oṣù kìíní láti lọ dì í mọ́ ẹṣin kó lè kó ìdọ̀tí ilé aládùúgbò rẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣoṣo ìbá parí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ní wákàtí méjì. Ìyá tó ń fi kẹ̀kẹ́ fa ọmọ méjì àti báàgì oúnjẹ gun òkè. Àgbàlagbà tó ń dúró de tàkísì nínú òjò. Gbogbo wọn ló ń san owó òfin yẹn lójoojúmọ́ pẹ̀lú ara wọn, kò sì sẹ́ni tó tíì sọ fún wọn pé iṣẹ́ wọn ṣe kánjúkánjú tàbí pé ara wọn ṣe iyebíye ju kí wọ́n dúró lọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn òfin ò yí padà. Mọ́tò mẹ́jọ yẹn lọ, mọ́tò ṣì jẹ́ èèwọ̀ ní Mackinac, tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ síbẹ̀ lónìí ẹ máa páàkì tiyín ní Mackinaw City tàbí St. Ignace lórí ilẹ̀ ńlá kẹ́ ẹ tó wọ fẹ́rì. Àwọn èrò ìpàdé ọjọ́ náà ńkọ́, àwọn tó kún gbọ̀ngàn Grand Hotel tó ń dúró de igbákejì ààrẹ? Ẹsẹ̀ tàbí kẹ̀kẹ́ ẹṣin ló gbé wọn láti èbúté gun òkè. Ẹran tí wọ́n jẹ, bíà tí wọ́n mu, àwọn àpótí aṣọ wọn, orí dray ló gbà wá, ẹṣin méjì níwájú, ẹnì kan lórí ìjókòó tó di ìjánu mú.